Ọmọkùnrin Yẹn Kò Tíì Tọrọ Àforíjì: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Òde Òní

Ìyá mi kì í ka ìwé òyìnbó. Aṣọ ni ó ń tà, Yorùbá nìkan ni ó sì ń kà, pàápàá Bíbélì àti ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó bá ìwé ìtàn ìfẹ́ kan lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n yà sára èèpo ìwé náà, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn ju bí ìyá kan ti lè fẹ́ kí ọmọ òun máa wò ó lọ. Mo ti ń retí ìgbájú. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá mi ṣe yà mí lẹ́nu. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó ní: “Ó dára. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tí o kò fi sùn láti àná, sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, kí èmi náà gbọ́.”

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo sọ bí ọkùnrin náà ṣe rẹwà tó, bí ó ṣe mọ ọ̀rọ̀ í sọ, bí ó ṣe dójú ti ọmọbìnrin náà láàárín àwùjọ, bí ó ṣe fi í sílẹ̀ lọ, àti bí ó ṣe gbé òdòdó padà wá tí ọmọbìnrin náà sì gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà tí mo dákẹ́, ìyá mi bi mí pé: “Ó ti tán?” Mo ní ó ti tán. Ó mi orí, ó ní: “Òdòdó nìkan ni mo gbọ́. Ọmọkùnrin yẹn kò tíì tọrọ àforíjì.” Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó ní kí n lọ fọ abọ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Mo ka ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì, mo sì jókòó lábẹ́ ọ̀pọ̀ olùkọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó kọ́ mi bí a ṣe ń ka ìwé ìtàn ìfẹ́ ju ìyá mi tí kò ka ojú ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú ìwé yìí ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti tún gbòde. Àwọn ọ̀dọ́ ń kà á lórí fóònù, wọ́n ń kà á nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń yá ara wọn. Àwọn òbí kan ní ìranù ni, àwọn mìíràn ní ó ń ba ọmọ jẹ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ni irú ìwé tí ó jẹ́, bí wọ́n ṣe ń hun ún, ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ fi máa ń fani mọ́ra síbẹ̀ tí wọ́n tún máa ń ní àlébù, àti bí ó ṣe yẹ kí a kà á tí yóò fi ṣe wá láǹfààní.

Irú ìwé wo gan-an ni?

Kì í ṣe gbogbo ìwé tí ìfẹ́ bá ti wà nínú rẹ̀ ni à ń pè ní ìwé ìtàn ìfẹ́. Ìfẹ́ wà nínú ìtàn ogun, ó wà nínú ìtàn ọ̀daràn, ó sì wà nínú ìtàn ọba. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Romance Writers of America, là á sílẹ̀ pé ohun méjì ni a fi ń dá a mọ̀. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ náà ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òpó tí ó gbé ìtàn ró. Èkejì ni pé ìparí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ òǹkàwé lọ́rùn, kí ó sì fi ìrètí sí i lọ́kàn. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, ìwé náà lè dára, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ni yóò máa jẹ́.

Àwọn tí ó sọ irú ìwé yìí di òwò ńlá kò ṣàjèjì sí àwọn ìyá wa. Ní ọdún 1908 ni Gerald Mills àti Charles Boon dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Mills & Boon sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ Harlequin ti ilẹ̀ Kánádà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1949, ni ó rà á ní ọdún 1971. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ wọn ni ó kún orí àtẹ àwọn tí ń ta ìwé àlòkù ní àwọn ìlú wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òyìnbó ni gbogbo àwọn tí ó wà nínú wọn nígbà náà. Yìnyín ni ó ń bọ́ lé wọn lórí, tíì ni wọ́n sì ń mu.

Nígbà tí ó di ọdún 1977, ilé iṣẹ́ Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé Pacesetters, tí àwọn ọmọ Áfíríkà kọ nípa àwọn ọmọ Áfíríkà. Ọ̀kan nínú wọn ni Evbu My Love tí Helen Ovbiagele kọ ní ọdún 1980. Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Cassava Republic, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àbújá ní ọdún 2006, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí ó pè ní Ankara Press. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tẹ ìtàn ìfẹ́ tí obìnrin inú rẹ̀ kì í jókòó de ọkùnrin olówó kan kí ó wá gbà á là. Nígbà àjọ̀dún àwọn olólùfẹ́ ti ọdún 2015, ẹ̀ka yìí fi àkójọ ìtàn ìfẹ́ kan ta àwọn òǹkàwé lọ́rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì túmọ̀ àwọn ìtàn inú rẹ̀ sí àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà, tí Yorùbá wà lára wọn.

Ọ̀nà tí ìtàn náà ti rìn nìyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù kò sí nínú ọdún àti orúkọ. Ó wà nínú irú ènìyàn tí àwọn òǹkọ̀wé ń fi sí àárín ìtàn.

Kí ni àlébù ń ṣe nínú ìtàn?

Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò báyìí. Ọmọkùnrin kan wà, ó rẹwà, ó níwà, ó lówó lọ́wọ́, kì í parọ́, kì í bínú. Ọmọbìnrin kan wà, òun náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàdé ní ojú ewé kìíní. Ta ni yóò dí wọn lọ́wọ́? Bí ó bá fi máa di ojú ewé kẹwàá, a ti ń jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó, ìtàn ti tán. Nítorí náà, ohun kan gbọ́dọ̀ dúró ní àárín wọn. Nínú àwọn ìtàn àtijọ́, ohun náà sábà máa ń ti òde wá: baba tí kò gbà, olówó tí ó fẹ́ já ọmọbìnrin gbà, ọ̀tá tí ó fi lẹ́tà pamọ́. Nínú èyí tí ó dára nínú àwọn ti òde òní, inú àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn ni ìdíwọ́ náà wà. Àlébù wọn ni.

Ọ̀kan lè máa bẹ̀rù kí wọ́n má tún já òun kulẹ̀, nítorí náà yóò kọ́kọ́ já ẹlòmíràn kulẹ̀. Ọ̀kan lè máa fi àwàdà bo ìbànújẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀kan lè máa sọ fún gbogbo ènìyàn ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, tí kò fi ní sí ẹnì kan tí ó mọ ibi tí òun dúró sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Òǹkọ̀wé yóò wá so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà tí àlébù èkíní yóò fi máa tẹ ojú egbò èkejì. Ní apá ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò pọ̀ jù. Ní àárín, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í finú han ara wọn. Nígbà tí ìwé bá kù díẹ̀ kí ó parí, àlébù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rín bò yóò hàn síta, wọn yóò sì túká. Ojú ewé tí ó kù ni a ó fi mọ̀ bóyá wọ́n yí padà tàbí wọn kò yí padà.

Ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fani mọ́ra náà nìyẹn. Bí ẹlẹ́bi kò bá wù wá, a ó ti dá a lẹ́jọ́ ní ojú ewé karùn-ún, a ó sì pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń pa wá lẹ́rìn-ín, bí a bá fẹ́ràn bí ó ṣe ń tọ́jú ọ̀rẹ́ rẹ̀, a ó fún un ní àyè. Yóò wá ṣẹ̀, yóò sì dùn wá bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wa ni ó ṣẹ̀. Níbẹ̀ ni òǹkàwé ti ń rí ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà. Ohun tí irú ìwé yìí ń ṣe ni pé ó kọ́kọ́ fi ẹwà hàn wá, lẹ́yìn náà ni ó ń bi wá pé, ìwà ńkọ́?

Kiki Banjo àti Malakai Korede

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ mú wá kò jìnnà sí wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ṣẹlẹ̀. Bolu Babalola jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2020 ni ó kọ Love in Colour, níbi tí ó ti tún àwọn ìtàn ìfẹ́ àtijọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ sọ ní ọ̀nà tuntun, ìtàn Ọ̀ṣun tiwa sì wà lára wọn. Ní ọdún 2022 ni ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Honey & Spice, jáde. Ní oṣù keje ọdún náà ni ẹgbẹ́ òǹkàwé tí òṣèré fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Reese Witherspoon, dá sílẹ̀ mú un gẹ́gẹ́ bí ìwé oṣù.

Kiki Banjo ni ọmọbìnrin tí ó ń sọ ìtàn náà. Yunifásítì kan tí òǹkọ̀wé fi ọkàn ara rẹ̀ dá, tí ó pè ní Whitewell, ni ó wà. Ó ní ètò kan lórí rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Brown Sugar ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni ó sì ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin adúláwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn máa fi wọ́n ṣeré. Ni Malakai Korede bá dé. Ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ẹnu rẹ̀ dùn, àwọn ọmọbìnrin tí ó sì ń bá rìn ju ẹyọ kan lọ. Kiki bú u lórí afẹ́fẹ́, ó pè é ní aláìníláárí. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ọgbà fi rí Kiki fúnra rẹ̀ tí ó fẹnu ko Malakai yìí kan náà lẹ́nu níbi àríyá. Iyì àwọn méjèèjì wọ́lẹ̀. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí àwọn ṣe bí ẹni tí ń fẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè ní ojútùú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ti mọ ibi tí eré yóò yọrí sí. Kò burú kí a mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń lọ ni ẹ̀kọ́ wà, ohun tí yóò bọ́ sílẹ̀ lára wọn lójú ọ̀nà ni. Kiki gbọ́n, ó lè sọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ràn àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ó máa ń tètè dá ènìyàn lẹ́jọ́, ó sì ti mọ odi yí ọkàn rẹ̀ ká nítorí ohun tí ó ti dùn ún kí ó tó wọ yunifásítì. Ìmọ̀ràn tí ó ń fún àwọn ẹlòmíràn dára, àmọ́ ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Malakai ní tirẹ̀ kì í ṣe ìkà. Àlébù tirẹ̀ ni pé ó gbà pé bí òun kò bá ti parọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kò mọ̀ pé ẹni tí a kò sọ òtítọ́ fún kíkún lè sunkún bí ẹni tí a parọ́ fún.

Àwọn ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wa náà wà níbẹ̀. Banjo àti Korede kì í ṣe orúkọ tí a ní láti kọ́ bí a ó ṣe pè é. Ọmọ tí ó wà ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta yóò ka ìwé yìí, yóò sì rí i pé ẹni bí tòun lè wà ní àárín ìtàn ìfẹ́, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó ṣìṣe, kí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀.

Yinka àti àdúrà àwọn àǹtí

Ìwé kejì jáde ní ọdún 2022 kan náà. Lizzie Damilola Blackburn ni ó kọ ọ́, àkọlé rẹ̀ sì ni Yinka, Where Is Your Huzband? Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ìyá wa ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń pe ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ó túmọ̀ sí ọkọ, yóò mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yinka jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ràn dìndín adìyẹ àti ọ̀dùnkún ju oúnjẹ ilé lọ, ó sì ti pinnu pé òun kò ní mọ ọkùnrin kí òun tó ṣe ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àǹtí kò gbádùn mọ́. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti rí i ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún un. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀, Rachel, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, Yinka la ètò sílẹ̀ bí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, pé òun gbọ́dọ̀ rí ọkùnrin tí yóò bá òun dé ibi ayẹyẹ náà.

Àlébù Yinka kò jọ ti Malakai. Kì í ṣe pé ó ń tan ẹlòmíràn jẹ, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara rẹ̀ padà kí ó lè bá ohun tí ó rò pé ọkùnrin ń fẹ́ mu. Òǹkàwé yóò rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín yóò dá dúró, nítorí pé ó ti mọ ẹnì kan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, n kò tíì lọ́kọ, ìyá mi sì máa ń pè mí ní àràárọ̀ láti gbàdúrà fún mi.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀dọ́ tí ó fani mọ́ra tí ó sì ní àlébù jẹ́ ohun tuntun nínú ìwé Yorùbá, kí ó padà sí ọdún 1929. Ní oṣù keje ọdún náà, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan ní ìlú Èkó, Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Ó ní àìsàn dá òun dùbúlẹ̀, òun sì fẹ́ sọ bí ẹwà òun àti ìwàkiwà òun ní ìgbà èwe ṣe ba ayé òun jẹ́. Ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni àwọn ará Èkó ń retí lẹ́tà náà. Ọ̀pọ̀ gbà pé òótọ́ ni, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, I. B. Thomas, ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1930, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, àwọn onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ní ọdún 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó wà láàárín rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, tí ó sì wu obìnrin ni. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ni àwọn ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn. Kò sí èyí tí ó kórìíra nínú wọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1997, bùbá àti ìró kúkúrú ayé ìgbà náà tún padà sí òde, tí gbogbo ènìyàn ń pè é ní olékù. Ìlú gbé aṣọ náà wọ̀. N kò mọ iye àwa tí a fara balẹ̀ wo Àjàní fúnra rẹ̀.

Ìwé méjèèjì yìí kì í ṣe ìtàn ìfẹ́ ní ọ̀nà tí a là sílẹ̀ lókè, nítorí ìparí wọn kì í ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n pọ̀ mọ́ ti Lọ́ńdọ̀nù, a ó rí ìyàtọ̀ kan tí ó yẹ kí a ronú sí. Ní ti Sẹ̀gilọlá, ìyà ni èrè àlébù, òǹkàwé sì gbọdọ̀ kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ní ti Àjàní, àlébù ọmọkùnrin kan ṣoṣo di ẹkún fún ju ẹnì kan lọ. Ní ti Kiki àti Malakai, àlébù di iṣẹ́ tí ẹlẹ́bi gbọ́dọ̀ ṣe lórí ara rẹ̀ kí ayọ̀ tó dé. N kò sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ìkìlọ̀ ní àyè tirẹ̀, ìrètí náà sì ní tirẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ó ń ka ìrètí nìkan lè gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́bi ni ó ń yí padà. Ẹni tí ó sì ń ka ìkìlọ̀ nìkan lè gbà pé ẹni tí ó bá ti ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan, ayé rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí òǹkàwé béèrè

Ibi tí ewu wà gan-an ni kí òǹkàwé gbà pé àlébù àti ìwà ìkà jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìwé àtijọ́ ilẹ̀ òyìnbó, ọkùnrin a máa jágbe mọ́ obìnrin, a máa fipá fà á lọ́wọ́, òǹkọ̀wé a sì pè é ní ìfẹ́. Ìyẹn kì í ṣe àlébù, ìkà ni. Ẹni tí ń bẹ̀rù láti sọ ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ ní àlébù. Ẹni tí ń lu ènìyàn, tí ń ṣọ́ ọ kiri, tí ń lé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kò yẹ ní ẹni tí à ń dúró kí ó yí padà. Òbí tí ó bá fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ìyàtọ̀ yìí ni kí ó kọ́kọ́ fi hàn án.

Lẹ́yìn èyí, kí òǹkàwé béèrè ohun tí ìyá mi béèrè. Ṣé ó tọrọ àforíjì? Kì í ṣe pé ṣé ó sunkún, kì í sì ṣe pé ṣé ó ra nǹkan wá. Ṣé ó dárúkọ ohun tí ó ṣe gan-an? Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn ni ọ̀rọ̀ rere. Kí ó tún béèrè pé, ta ni ó san gbèsè àlébù yìí? Bí ó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin ni ó ń pàdánù iṣẹ́, ọ̀rẹ́ àti oorun kí ọmọkùnrin tó gbọ́n, ìwé náà kò tíì sọ òtítọ́ tán. Kí ó sì wò ó bóyá ìyípadà náà ṣẹlẹ̀ kí ìdáríjì tó dé, tàbí ó kàn jẹ́ ìlérí fún ọ̀la.

Mo mọ iyì àwọn ìbéèrè wọ̀nyí nítorí pé mo gbàgbé wọn nígbà kan. Ní ọdún tí mo ń sin ilẹ̀ baba wa, mo pàdé ẹnì kan tí ó rí gẹ́lẹ́ bí ọkùnrin inú ìwé. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú mi. Ó tún máa ń pòórá fún ọ̀sẹ̀ méjì láì gbé fóònù. Bí ó bá dé, yóò ra súyà, yóò ra káàdì ìpè fún mi, yóò sì pe orúkọ oríkì mi. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń ka súyà. Kò fi ọjọ́ kan sọ pé ohun tí òun ṣe kò dára, èmi náà kò sì béèrè. Ìfẹ́ tí a fẹ́ adìyẹ ni, kò dénú. Bí mo bá ti sọ ìtàn wa fún ìyá mi ní Yorùbá bí mo ṣe sọ ti inú ìwé ìjọ́sí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà á.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin òbí kò le. Bí ẹ bá rí ìwé ìtàn ìfẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ wò ó bóyá ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, nítorí ti àgbàlagbà wà, ti ọmọdé náà sì wà. Bí ó bá bá a mu, ẹ má fà á ya. Ẹ ní kí ó sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá. Bí ó bá ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ ni òun náà yóò máa gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ìfẹ́ ní èdè òyìnbó lè dún bí ìyànjẹ nígbà tí a bá sọ ọ́ ní èdè ìyá ẹni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èyí tí a rò pé ìranù ni lè wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé wa gan-an.

Mo dán ìkẹyìn yìí wò láìpẹ́ yìí. Mo lọ kí ìyá mi ní ìparí ọ̀sẹ̀, mo sì sọ ìtàn Yinka fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn àǹtí náà títí ó fi ń di ìhà mú. Nígbà tí mo dé ibi tí Yinka ti ń yí ara rẹ̀ padà, ó dákẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní: “Ṣé àdúrà yẹn náà ni ó ń dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀?” N kò mọ èsì tí mo lè fún un, mo kàn ní ìwé ìtàn ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo ti padà sí ibi iṣẹ́, ó pè mí bí ìṣe rẹ̀. Ó gbàdúrà fún iṣẹ́ mi. Ó gbàdúrà fún ìlera mi, àti fún ọ̀nà tí mo ń rìn. Mo dúró de èyí tí ó kù. Ó ṣe àmín, ó ní kí n má gbàgbé láti jẹun, ó sì pa fóònù náà.